Ọ́ìlì Ọ́dínárì àbí Síńtẹ́tíìkì: Èwo Ni Kí Ọkọ̀ Mu ní Èkó?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jókòó sórí táyà lábẹ́ igi fúrúùtù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Sùúrùlérè, mò ń dúró kí ọ́ìlì ọkọ̀ mi jò tán. Alhaja kan gbé Camry 2012 tòkunbọ̀ dé, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Ó ti ra ọ́ìlì wá fúnra rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin kan: 0W-20, fúùlù síńtẹ́tíìkì. Ọ̀gá mẹkáníìkì gbé e wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Alhaja, ta ló ní kí ẹ ra eléyìí? Ó ṣàn bí omi. Wọn ò ṣe é fún oòrùn Èkó. 20W-50 ni ká fún un, èyí tó ki, tó máa di ẹ́ńjìnì mú."

Alhaja ní ọmọ òun tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Amẹ́ríkà. Ṣebí yìnyín ń já bọ́ níbẹ̀." Alhaja bá kọjú sí mi: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i."

Mo dìde, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Camry náà, mo fi ìka kan ìdérí ibi tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì. Ó wà níbẹ̀ gbàgàdà: 0W-20. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti dá ẹjọ́ yìí kí wọ́n tó gbé e gba orí omi wá sí Àpápá. Ọ̀gá dákẹ́, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì gbà.

Mi ò dá a lẹ́bi. Ohun tó dàrú mọ́ ọn lójú dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ wa lójú, nítorí ọ̀rọ̀ méjì la dì sínú ẹrù kan. Èkíní ni bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Èyí ni nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì ń sọ. Èkejì ni ohun tí wọ́n fi ṣe ọ́ìlì; ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ́dínárì àti síńtẹ́tíìkì wà. Ọ̀gá ń jà lórí èkíní, ọmọ Alhaja ń sọ méjèèjì pọ̀. Àwa tí a sì ń ra ọ́ìlì, èkejì la máa ń kọ́kọ́ bèèrè, nítorí òun ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni. Bẹ́ẹ̀ èkíní ló yẹ kó ṣíwájú. Lójú tèmi, ẹni tó da ọ́dínárì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ọkọ̀ mu ṣe ọkọ̀ rẹ̀ lóore ju ẹni tó da síńtẹ́tíìkì olówó gọbọi tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká mú 5W-30. W yẹn dúró fún ìgbà òtútù lédè òyìnbó. 5 tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì yóò ṣe ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù: bó bá ṣe kéré sí i ni yóò ṣe tètè ṣàn sí i. 30 tó gbẹ̀yìn ń sọ bí yóò ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C, ìwọ̀n tí omi fi ń hó. SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ṣètò nọ́ńbà náà, gbogbo ayé sì ń lò ó. Ẹ rántí epo pupa inú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́. Á dì gbagidi, ẹ ó dojú ìgò kọlẹ̀ kò ní já bọ́. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná díẹ̀, ó ti ń sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, òtútù a máa sọ ọ́ di kíki, ooru a máa sọ ọ́ di ṣíṣàn. Ohun tí ẹ́ńjìnì ń wá ni èyí tí kò ní ki jù nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, tí kò sì ní ṣàn jù nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbóná.

Òótọ́ ni pé yìnyín kì í já bọ́ ní Èkó. Ọyẹ́ wa tó mú jù kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 20°C. Nítorí náà, yálà 0W ni tàbí 5W tàbí 10W, ọ̀rọ̀ òtútù kò lè pa wá lára. Ibi tí ọ̀gá ti ṣì í ni nọ́ńbà kejì. Inú ẹ́ńjìnì kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá Èkó ni òun wà tàbí Chicago. Tẹ́mósítáàtì ló ń ṣọ́ ooru rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá sì ti gbóná tán, omi rédíétọ̀ yóò dúró ní nǹkan bí 90°C, yálà yìnyín ló wà níta ni tàbí oòrùn ọ̀sán gangan. (Ìyẹn bí wọn ò bá tíì yọ tẹ́mósítáàtì yín sọnù o. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa fẹ́ràn kí wọ́n yọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnì ló ń se ọ́ìlì jù, kì í ṣe oòrùn tó ń pa orí wa.

Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni bíi pé kíki sàn ju ṣíṣàn lọ, torí ó dà bí ohun tó dí gbọn-in. Àmọ́ nígbà tí méjèèjì bá gbóná dé 100°C, 20W-50 ki tó nǹkan bí ìlọ́po méjì 0W-20. Nínú ẹ́ńjìnì ayé àtijọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn. Nínú ti òde òní, ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí ń yọ̀ lásán, ó ń ṣiṣẹ́ bí ọwọ́. VVT-i tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnì Toyota yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnì ń ṣí padà, ọ́ìlì ló ń tì í. Ojú ihò tóóró ló ń gbà kọjá, àwọ̀n kan sì wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ há ju ti asẹ́ tíì lọ. Bí ọ́ìlì bá ki jù, tàbí tó bá ti di ẹrọ̀fọ̀, ọwọ́ yẹn á pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ. Iná "check engine" á tàn, ẹni tó bá fi ẹ̀rọ wò ó á bá kóòdù àṣìṣe P0011, wọ́n á sì ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ ní Ládípọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láàárọ̀, nígbà tí gbogbo ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ sínú àwo ìsàlẹ̀, èyí tó ki á pẹ́ kó tó gòkè dé orí ẹ́ńjìnì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn ni irin ń ha irin.

Ẹ gbọ́ ti ọ̀gá náà o. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá to nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí 15W-40 sì wà lára wọn, ẹ fún un, kò sí ìjà. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ti gbó, tí ríìngì ti jẹ, tí èéfín aláwọ̀ aró ń jáde lẹ́yìn, nọ́ńbà tó ki díẹ̀ sí i lè mú kó dín ọ́ìlì tó ń jẹ kù. Camry oní 2.4 ti 2007 sí 2009, èyí tí à ń pè ní Muscle, òkìkí rẹ̀ kàn lórí ọ́ìlì mímu débi pé Toyota Amẹ́ríkà fi kún àkókò wáráńtì fún àtúnṣe rẹ̀. Mi ò ní bá ẹni tó ń fún irú ọkọ̀ yẹn ní 10W-40 jà. Àmọ́ kó mọ̀ pé bí ìgbà tí a fi ọṣẹ dí táńkì epo tó ń jò ni: yóò gbé e délé, kò tíì tún táńkì ṣe.

Ó wá ku ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ fojú inú wo èlùbọ́. Èyí tí a kù lẹ́ẹ̀kan ṣeé rò ní àmàlà, ẹnikẹ́ni á jẹ ẹ́ yó, àmọ́ ẹ ó máa bá kókó pàdé. Èyí tí a fi asẹ́ tó há kù lẹ́ẹ̀mẹta á jọ̀lọ̀. Inú epo rọ̀bì ni ọ́ìlì ọ́dínárì ti wá: wọ́n sè é, wọ́n yọ ìdọ̀tí àti ìda inú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yà kéékèèké tó para pọ̀ di í kò dọ́gba, òmíràn fúyẹ́, òmíràn wúwo. Bí ooru bá mú, àwọn tó fúyẹ́ á fẹ́ lọ bí eruku, àwọn mìíràn á gbẹ mọ́ irin bí ọ̀dà. Ti síńtẹ́tíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tán. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè gbẹ, tí kì í tètè jóná, tí kì í sì í tètè di ẹrọ̀fọ̀.

Ibi tí àwọn oníléeṣẹ́ ọ́ìlì fúnra wọn ti jà ni ibi tí èlùbọ́ ti tán, tí ohun mìíràn bẹ̀rẹ̀. API, àjọ àwọn elépo ní Amẹ́ríkà, pín ọ́ìlì ìpìlẹ̀ sí ọ̀wọ́ márùn-ún. Ọ̀wọ́ kìíní àti ìkejì ni ọ́dínárì. Ọ̀wọ́ kẹta, epo rọ̀bì náà ni, àmọ́ wọ́n fi gáàsì hádírójìn, ooru líle àti ìfúnpá ńlá tún un ṣe débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìyá tó bí i mọ́. Ọ̀wọ́ kẹrin, tí wọ́n ń pè ní PAO, wọn kò kù ú láti inú ohunkóhun, ńṣe ni wọ́n tò ó láti ara gáàsì bí ẹní ń to búlọ́ọ̀kù. Ìkarùn-ún ni gbogbo ohun tó kù. Nígbà tí Castrol fi orúkọ síńtẹ́tíìkì ta èyí tó wá láti ọ̀wọ́ kẹta, Mobil gbé e lọ síwájú NAD, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà. Ní 1999, Castrol ló jàre. Láti ìgbà náà, fúùlù síńtẹ́tíìkì tí ẹ bá rí lára kẹ́ẹ̀gì lè jẹ́ ọ̀wọ́ kẹta látòkè délẹ̀. Ní Jámánì, wọn kò gbà kí wọ́n pe irú rẹ̀ ní fúùlù.

Ṣé jìbìtì wá ni? Rárá. Ọ̀wọ́ kẹta tí wọ́n ṣe dáadáa, ọ́ìlì gidi ni, òun ni púpọ̀ nínú wa ń lò tí a ò mọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ "síńtẹ́tíìkì" nìkan kò tó láti fi ra ọjà. Ti sẹ́mì-síńtẹ́tíìkì, àdàlù méjèèjì, tilẹ̀ tún burú: kò sí òfin tó sọ iye síńtẹ́tíìkì tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n lè kán díẹ̀ sí i bí iyọ̀ inú ọbẹ̀.

Èyí tó wúlò ju orúkọ iwájú lọ ni àmì róbótó tó wà lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n kọ API sí. Lẹ́tà méjì ló máa ń tẹ̀ lé e, S ló máa ń ṣáájú fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni ọ́ìlì ṣe bá ìgbà mu tó: SL jáde ní 2001, SN ní 2010, SP ní 2020. Bí ẹ bá rí SF, tí ẹ ṣì lè rí lórí igbá dáadáa, ẹ gbé e sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1988 sẹ́yìn ni wọ́n ṣe é fún.

Ta wá ni síńtẹ́tíìkì di dandan fún? Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i, lákọ̀ọ́kọ́. Tọ́bò ń gbóná débi tó lè pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ọ́ìlì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò gbọ́dọ̀ tètè jóná. Àwọn ọkọ̀ Jámánì tún wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì ọ́ìlì tirẹ̀: Mercedes á béèrè 229.5, BMW á béèrè Longlife-01, VW á béèrè 502 00. Ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ọkọ̀ tó bá kọ 0W sórí ìdérí. Ọ́ìlì ọ́dínárì nìkan kò ṣeé fi ṣe 0W, nítorí náà Alhaja kò ní ìbéèrè kejì kankan láti bèèrè. Nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ ti bá a yàn.

Àwa tó kù, tí ọkọ̀ wa kò ní tọ́bò, tó sì kọ 5W-30 tàbí 10W-30, àwa la lè yàn. Níbẹ̀, owó àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa bá wa dá a.

Afárá Third Mainland gùn tó kìlómítà 11.8. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ ó ti kúrò ní Òwòrónṣòkí dé Adéníjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ó lè di wákàtí méjì. Ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ wákàtí méjì, ọ́ìlì gbóná wákàtí méjì, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù, kìlómítà méjìlá péré ló kà. Ìdí nìyẹn tí iye tí òyìnbó ń pè kì í fi í bá wa mu. Toyota ní kí ẹni tó ń lo 0W-20 pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 10,000, àmọ́ ìwé kan náà sọ pé bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà eléruku ni, tàbí ìdúró-má-lọ bíi ti takisí, kó pààrọ̀ ní 5,000. Ẹ ò rí i pé Èkó ni wọ́n ń ṣàpèjúwe yẹn?

Máìlì ni mo sì pè é. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà. Mẹkáníìkì á ní, "Ó di ẹgbẹ̀rún márùn-ún," kìlómítà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó máa dúró kí 5,000 pé, bẹ́ẹ̀ kìlómítà 8,000 lẹ ti fi ń rìn. Lórí ọ́dínárì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀nà tó jìn nìyẹn. Kìlómítà 5,000 jẹ́ nǹkan bí máìlì 3,100. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń ka ìrìn lára dáṣíbọ́ọ̀dù yín lónìí.

Èmi, Corolla 2003 ni mò ń gùn, 3.7 lítà ló ń mu, 5W-30 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan tó o. Síńtẹ́tíìkì ń gba nǹkan bí ìlọ́po méjì owó ọ́dínárì lọ́wọ́ mi, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá máa da méjèèjì nù ní kìlómítà 5,000, mo kàn ń fi owó ṣòfò ni. Ẹni tó ra síńtẹ́tíìkì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dé nǹkan bí 8,000 kó tó jèrè rẹ̀. Mo mọ ara mi: mẹkáníìkì kò jìnnà sí mi, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wo abẹ́ ọkọ̀ mi nígbà gbogbo. Nítorí náà ọ́dínárì SN ni mò ń lò, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 pẹ̀lú fíltà. Àbúrò mi obìnrin tó ń ti Ìkòròdù lọ sí Erékùṣù lójoojúmọ́, tí kì í rántí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àfi bí ẹ́ńjìnì bá ké, síńtẹ́tíìkì ni mo ní kó máa rà. Ó lè ṣi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kà kó má ba nǹkan jẹ́.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá a lè lú méjèèjì pọ̀. A lè lú u. Ó di dandan fún ọ́ìlì tó ní àmì API láti dà pọ̀ mọ́ òmíràn láìbàjẹ́. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ bá rí kún un, kó ṣáà ti jẹ́ nọ́ńbà kan náà tàbí èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹ lè kúrò lórí ọ́dínárì sórí síńtẹ́tíìkì, ẹ sì lè padà. Ti pé síńtẹ́tíìkì ń mú ẹ́ńjìnì jò, àwọn àkọ́kọ́ tó jáde ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ló bá rọ́bà inú ẹ́ńjìnì jà, wọ́n ti tún un ṣe tipẹ́. Bó bá jò lónìí, rọ́bà yẹn ti gbó tẹ́lẹ̀.

Gbogbo àlàyé yìí di òfo bí ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kì í bá ṣe ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Mo ra fúùlù síńtẹ́tíìkì lẹ́bàá títì, owó rẹ̀ dínkù dáadáa, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo fa géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, mo fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà. Dúdú rẹ̀ kò já mi láyà, nítorí ọ́ìlì tó dára náà ń dúdú, ẹ̀gbin ẹ́ńjìnì ló ń fọ̀. Ohun tó já mi láyà ni pé ó ṣàn bí kẹrosíìnì, ó sì ń rín mi lọ́wọ́ bí iyanrìn. Ọ́ìlì tí wọ́n ti lò rí ni. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fún un láwọ̀, wọ́n dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gidi tí ẹlòmíràn ti jù nù. Láti ọjọ́ náà, ilé epo tàbí ẹni tó ń gba ọjà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ni mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń wo bébà tó bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì bóyá wọ́n ti ṣí i, kẹ́ẹ̀gì òfìfo kì í sì í kúrò lójú mi.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ da kẹ́ẹ̀gì Alhaja tán. Wọ́n tan ọkọ̀ díẹ̀, wọ́n pa á, a dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó sọ̀ kalẹ̀. Mo fa géèjì, mo nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́, mo fà á yọ. Kò kún. Camry 2.5 yẹn ń mu 4.4 lítà, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lítà mẹ́rin péré. (Oní V6 tilẹ̀ ń mu 6.1. Ẹ bi mẹkáníìkì tó ń da kẹ́ẹ̀gì kan sí gbogbo ọkọ̀ léèrè.) Alhaja rán ọmọ kan sí ilé epo kó ra lítà kan wá.

Bó ṣe ń dúró, ọ̀gá gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà, ó ń mú un lọ sí ẹ̀yìn bùkà níbi tí àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo mìíràn ti tò jọ.

"Ọmọ mi, gbé e padà wá," ni Alhaja wí. "Bá mi wá síkúrúdíráífà."

Ó lu ìdí kẹ́ẹ̀gì náà ní ihò mẹ́ta.

"Háà, Alhaja! Ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Mo fọkàn tán ẹ. Ẹni tó máa wá rà á lọ́wọ́ ẹ ni mi ò mọ̀."